Lẹ́tà Tí Baba Nawa Kò Kọ

"Ẹni pẹ̀lẹ́, onírẹ̀lẹ̀, tí kì í bá èèyàn jà." Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán bàbá mi àgbà nínú ìwé ètò ìsìnkú nìyẹn. Nígbà tí wọ́n kó ìwé náà dé láti ilé ìtẹ̀wé, mo kà á, mo tún un kà, mo wá bi màmá mi bóyá òkú ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún wa. Màmá ní, "Bùkọ́, jọ̀ọ́, má bẹ̀rẹ̀." Mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò sì tíì parí títí di òní. Bàbá tí mo mọ̀ kì í ṣe ẹni pẹ̀lẹ́. Oníjà ni. Ó bá ọlọ́kadà jà, ó bá pásítọ̀ jà, ó bá ọ̀gá àgbà jà nínú ọ́fíìsì ìjọba. Kò yọ èmi náà sílẹ̀. Ọdún méjì tó lò kẹ́yìn láyé, bí ẹni tó pàdé lẹ́nu ìloro ilé ẹjọ́ la ṣe ń kí ara wa. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, kó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ní Kabusa, létí Abuja, níbi tó kọ́lé sí nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Baba Nawa ni wọ́n ń pè é. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé ló máa ń jókòó sí láàárọ̀, lórí àga oníke tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, tó fi wáyà dì. Bí ọlọ́kadà bá ti ń bọ̀, tó gbé ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti àpò iṣu, bàbá á dìde, á na ọwọ́ sókè bí ọlọ́pàá, á dúró sáàárín ọ̀nà. "Ku nawa ne?" Iye wọn ló ń béèrè ní èdè Hausa. Àwọn yẹn á máa rẹ́rìn-ín. "Baba, mu biyar ne," pé àwọn jẹ́ márùn-ún. Bàbá ò ní kúrò lójú ọ̀nà àfi bí àwọn kan bá sọ̀. Wọ́n á sọ̀ lóòótọ́, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí ọ̀nà ti yà, wọ́n á tún gun ọ̀kadà wọn padà. Gbogbo wa la mọ̀. Bàbá náà mọ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló wá ń da ara rẹ̀ láàmú sí. Ó ní, "Ó kéré tán, wọ́n ti fi ẹnu ara wọn sọ iye tí wọ́n jẹ́."

Bàbá ò ga. Ó sanra díẹ̀ níkùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ṣòkòtò rẹ̀ kì í sì í dé kókósẹ̀. Tíì dúdú ló ń mu, kò ní fi mílíìkì sí i. Á fi eyín di ṣúgà onígun mẹ́rin mú, á máa fa tíì gbóná náà gba inú ṣúgà kọjá. Ìyá àgbà ní àṣà burúkú tó kó bọ̀ láti Rọ́ṣíà nìyẹn, òun ló sì ba eyín rẹ̀ jẹ́. Wọ́n jà lórí ṣúgà. Wọ́n jà lórí ilẹ̀kùn ju ti ṣúgà lọ. Ìyá àgbà fẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí kí atẹ́gùn lè wọlé, torí ooru Abuja kì í ṣeré. Bàbá ò lè jókòó sínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀. Á dìde, á tì í, á padà wá jókòó. Ìyá àgbà á dìde, á ṣí i. Mo dàgbà bá ìjà yẹn ni, wọn ò sì parí rẹ̀. "Bàbá Fúnkẹ́," Ìyá àgbà á sọ, "inú ilé la wà o, a ò sí lábẹ́ omi." Bàbá á ní, "Àwọn yẹn náà ò tíì sí lábẹ́ omi nígbà tó bẹ̀rẹ̀."

Mo ṣì ń bọ̀ lórí àwọn yẹn.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì wá fi ara hàn pé àwọn ṣì wà láyé, èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ, mo bá a gbé fáìlì. Ilé alájà púpọ̀ ni. A wọ ẹ̀rọ agbénirókè. Wọ́n kọ ọ́ sí ara ògiri rẹ̀ pé èèyàn mẹ́jọ ló gbà, àwa tí a wà níbẹ̀ sì ti pé mẹ́jọ, tí gbogbo wa fún mọ́ra wa. Ọkùnrin kan wá dé nínú agbádá tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ẹnì kan gbé báàgì tẹ̀ lé e. Àwọn tó wà nínú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra láti fún ọ̀gá láyè. Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ dá ẹnu ọ̀nà. "Èèyàn mẹ́jọ ni wọ́n kọ síbí. Ẹ̀yin lẹni kẹsàn-án." Ọkùnrin yẹn wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́ ṣá?" Ìtìjú bò mí débi pé mo fi fáìlì bojú. Mo fẹ́ kó bẹ̀bẹ̀, kí a lọ. Bàbá ní, "Mi ò béèrè orúkọ yín. Iye ni mo ń kà."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ tí wọ́n kó gbogbo akọrin ọmọdé sórí pẹpẹ onípákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ó dìde láàárín ìsìn. Pásítọ̀ ní kí bàbá fọkàn balẹ̀, Ọlọ́run ń bẹ lórí ìtẹ́. Bàbá ní, "Ọlọ́run kọ́ ló kan pákó yẹn, pásítọ̀. Káfíńtà ni, mo sì mọ̀ ọ́n." Màmá mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ó ti wá tó kí n sọ nípa àwọn yẹn. Nígbà tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni bàbá rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Rọ́ṣíà, sí Lẹ́níngráàdì, láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ ojú omi. Olùkọ́ kan wà tó máa ń kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tuntun lọ sí etí odò tó gba àárín ìlú náà kọjá. Á dúró, á nawọ́ sí omi, á ní níbí yìí, nígbà ayé ọba wọn àtijọ́, ni ọkọ̀ ogun abẹ́ omi kan rì sí. Ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí Rọ́ṣíà kàn. Kò sí ogun lọ́jọ́ náà. Kò sí ìjì. Wọ́n so ọkọ̀ mọ́ èbúté ni, wọ́n kàn fẹ́ rì í wálẹ̀ díẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun tó ń kọ́ṣẹ́ lè mọ bó ṣe rí. Gbogbo ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ló fẹ́ wọlé, ni wọ́n bá kó ju ọgbọ̀n èèyàn lọ sínú rẹ̀, iye tó pọ̀ ju ti àwọn tó ń wà á lọ dáadáa. Bí ọkọ̀ irú ìyẹn bá ń wálẹ̀, wọ́n máa ń fi ilẹ̀kùn orí rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí kí afẹ́fẹ́ inú lè jáde, kí wọ́n tó wá tì í. Ọkọ̀ ti wúwo jù, ó yára wálẹ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ. Wọ́n ní ọkọ̀ mìíràn ló ń kọjá lọ, tí ìgbì omi rẹ̀ ru wọlé. Ilẹ̀kùn ò ṣeé tì mọ́. Díẹ̀ yọ. Àwọn tó pọ̀ jù kú síbẹ̀, ní ibi tí ẹni tó wà lórí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ọwọ́ kàn wọ́n.

Bí bàbá bá ń sọ ọ́, kì í sọ ọ́ bí ìtàn. Á máa bínú bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ibi ilẹ̀kùn kọ́ ló sì máa ń dùn ún jù. Olùkọ́ yẹn ní bàbá òun jẹ́ lébìrà ní èbúté náà lọ́jọ́ yẹn. Ó dúró, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé níkọ̀ọ̀kan. Ó kà wọ́n. Ó mọ̀ pé wọ́n ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n lébìrà lásán ni, àwọn ọ̀gá ológun ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì wúrà láyà. Ta ló máa bi í? Ó gbé ẹnu dákẹ́. Títí ọkùnrin yẹn fi kú, bó bá ti mutí, ohun tó ń sọ ò ju ẹyọ kan lọ: "Mo kà wọ́n. Mo kà wọ́n tán, mo sì dákẹ́." Bàbá gbé ọ̀rọ̀ yẹn wá sílé láti Rọ́ṣíà ju bó ti gbé ìwé ẹ̀rí lọ. Ó ní ilé wa níbí lọ̀rọ̀ yẹn bá mu jù, torí àwa la mọ bí wọ́n ṣe ń bu ọlá fún àgbà títí omi á fi dé ọrùn. Ó máa ń fi ìka gún mi léjìká. "Kíkà nìkan ò tó, Bùkọ́. Sọ iye rẹ̀ síta."

Ó wá ku ọ̀rọ̀ adágún omi ní Jabi. Ọdún tí wọ́n dìbò tí ìjọba yí padà ni. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, àwa ará Okun tó wà ní Abuja, ní kí a lọ ṣe fàájì létí omi lẹ́yìn ìpàdé ọdún. Alága ẹgbẹ́ pe ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ bí àlejò pàtàkì, torí ó ń wá ìgbéga, gbogbo wa la sì mọ̀. Ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì kan wà tó ń gbé èèyàn yí ká orí omi. Wọ́n fi ọ̀dà kọ méjìlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá ti jókòó sínú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ràn omi bí ọmọdé. Èmi jókòó tì í. Àwọn èèyàn ń wọlé. Ìyáàfin kan gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ kan, òmíràn lé ẹsẹ̀ kejì. Níkẹyìn ni alága mú ọ̀gá rẹ̀ wá pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, ó ní kí a sún. Omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí pákó. Mo rí ojú bàbá bó ṣe yí padà. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń kà.

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n," ó ní. "Ẹ̀yin èèyàn, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n la wà nínú ọkọ̀ èèyàn méjìlá."

Alága rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbádùn ara wa. Ẹ̀ẹ̀kan péré la máa yí ká."

"Baba, ba komai," ni ọlọ́kọ̀ wí, pé kò séwu. Kó tó pa ẹnu dé, bàbá ti na ọwọ́, ó ti yọ kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ti tì í bọ àpò ṣòkòtò. Alága gbóhùn sókè. Ó ní kí bàbá fún ọlọ́kọ̀ ní kọ́kọ́rọ́, ṣé wọn ò rí i pé àlejò wà níbí ni. Bàbá kọjú sí àlejò náà. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ wọlé kẹ́yìn. Ẹ sọ̀kalẹ̀."

Ọ̀gá yẹn sọ̀kalẹ̀. Ó mú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó lọ, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Fàájì dàrú. Ìrẹsì wà nínú kúlà, kò sẹ́ni tó ṣí i. Wọ́n ń pòṣé sí wa. Ọ̀dọ́kùnrin kan sọ ọ́ ketekete pé bàbá yìí ti ń ṣarán. Ohun tó ń bí mi nínú di òní nìyí: ọkọ̀ yẹn ò rì. Torí pé kò rì, kò sẹ́ni tó máa sọ láéláé pé bàbá mi gba ẹnikẹ́ni là. Tó bá ti rì ni, wọn ì bá máa pè é ní wòlíì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá màmá mi. Kí bàbá kọ lẹ́tà àforíjì sí alága àti ẹgbẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò gbé Abuja lè rò pé ohun kékeré ni. Níbí, tí ilé jìnnà, ẹgbẹ́ ló ń sin èèyàn. Àwọn ló ń kó èèyàn wá, tí wọ́n ń bá olókùú gbé òkú délé, tí wọ́n ń dúró ti sàréè. Ẹni tí wọ́n bá yọ orúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ló máa gbé e, gbogbo ìlú á sì béèrè pé kí ló ṣe. Màmá jókòó sí ìdáná, ó ń sunkún. "Wọn ò ní bá wa sin ín, Bùkọ́. Bàbá mi. Wọn ò ní bá wa sin ín."

Ilé ẹ̀kọ́ agbẹjọ́rò ní Bwari ni mo wà nígbà yẹn. Mo wálé, mo kọ́kọ́ bẹ bàbá. Ó fi eyín di ṣúgà rẹ̀ mú, ó mu tíì rẹ̀ tán kó tó dá mi lóhùn. "Àforíjì kí ni? Pé mo mọ̀ ọ́n kà?"

Mo padà sí Bwari, mo kọ lẹ́tà náà fúnra mi. Mo kọ ọ́ dáadáa, kí ẹ má parọ́ fún mi pé kò dára. Mo fi ọwọ́ ara mi fọwọ́ sí i ní orúkọ rẹ̀, èmi tí wọ́n ń kọ́ ní òfin, mo sì fi í ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́. Àwọn gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé, torí èmi ni mo wá wọn rí: "Ogbó ló ń dà mí láàmú. N kò mọ ohun tí mo ń ṣe lọ́jọ́ náà." Bí mo ṣe pe bàbá mi ní aṣarán nìyẹn, pẹ̀lú ìkọ̀wé tó lẹ́wà.

Èmi ò mọ̀ pé wọ́n máa wá kí i. Mo wà nílé lọ́jọ́ tí alága dé pẹ̀lú àwọn àgbà ẹgbẹ́ méjì àti páálí mọ́ọ̀tì kan. Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ ti parí. A ti rí lẹ́tà yín. Ọjọ́ orí ni, gbogbo wa la máa débẹ̀." Bàbá ní kí wọ́n fún òun ní lẹ́tà náà kí òun wò ó. Ó wà nínú fáìlì alága. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á láti òkè délẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Mo gbé tíréè dání. Gbólóhùn kan péré ló kù fún un láti sọ, èmi á sì di ọmọ ilé ẹ̀kọ́ òfin tó fi ọwọ́ ayédèrú kọ ìwé. Bàbá tí kì í dákẹ́ fún ọ̀gá, tí kì í dákẹ́ fún pásítọ̀, ká lẹ́tà náà, ó dá a padà fún alága. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá." Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sì dúró. "Ìwọ ni mo dákẹ́ fún."

Kò tún lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́. Kò tún jókòó sábẹ́ máńgòrò mọ́. Àwọn ọlọ́kadà ń kọjá ní èèyàn márùn-ún, mẹ́fà, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní iye wọn. Mo gba àṣẹ agbẹjọ́rò, ó kí mi kú oríire, ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú, láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, lẹ́yìn tó mu tíì tán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú níbi ìsìn ìdágbére. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Alága bọ́ síwájú láti sọ ti ẹgbẹ́. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ lára bàbá, pé bó ti dàgbà tó, nígbà tó ṣe àṣìṣe, ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó tọwọ́ bọ fáìlì. Mo dá ìwé náà mọ̀ kó tó ṣí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó dé "Ogbó ló ń dà mí láàmú," mo dìde. Màmá di aṣọ mi mú, ó fà á, mo ja ara mi gbà.

Mo ní, "Ẹ dúró. Bàbá kọ́ ló kọ ìwé yẹn. Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Bàbá ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín rí."

Alága ń wò mí, ó ní ṣé mo mọ ohun tí mo ń sọ ṣá, agbẹjọ́rò ni mí. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó kọjú sí ìlà iwájú, bóyá kí Ìyá àgbà lè bá mi wí. Ìyá àgbà ò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Alága ló ń wò.

"Alága," Ìyá àgbà sọ, "èèyàn mélòó ni ọkọ̀ yẹn gbà?"

"Màmá, kì í ṣe àsìkò..."

"Èèyàn mélòó?"

"Méjìlá, mà."

"Èèyàn mélòó lẹ kó sínú rẹ̀?"

Mo rò pé kò ní sọ ọ́. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo pásítọ̀, kò rẹ́ni tó gbà á sílẹ̀. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì gbé e dé ẹ̀yìn. "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

"Ẹ ṣeun," Ìyá àgbà ní. "Ẹ lọ jókòó."

Ẹgbẹ́ ò bá wa lọ. Ní ọjọ́ kejì, àwa mẹ́sàn-án la gbé bàbá lọ sílé, nínú bọ́ọ̀sì èèyàn mẹ́rìnlá, tí a ń tẹ̀ lé mọ́tò òkú lẹ́yìn. Awakọ̀ ti fẹ́ ṣíná nígbà tí Ìyá àgbà ní kó dúró. Ó yíjú padà, ó nawọ́ sí wa níkọ̀ọ̀kan, ó kà wá sókè títí dé orí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn.